Nígbà Tí Apànìyàn Bá Kan Ilẹ̀kùn



Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, Òfin Kẹjọ ni a ń kọ́ ní katikísímù: pé a kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ni ọmọbìnrin kan bá na ọwọ́ sókè, ó ní: "Bàbá, bí apànìyàn bá bi mí léèrè ibi tí ìyá mi sá pamọ́ sí, ṣé kí n sọ òtítọ́?" Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wo ẹnu mi. Ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni mo fi dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin òbí náà.

Ní ọdún 1933 ni Hitler gba ìjọba ní ilẹ̀ Jámánì. Òun àti àwọn Násì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ni àwọn Júù lára, títí wọ́n fi pa nǹkan bí 6,000,000 nínú wọn. Ní Berlin nìkan, bí 7,000 Júù ló sá pamọ́; àwọn tó yè nínú wọn kò ju bí 1,700 lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó yè ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Boros. Dókítà Mohamed Helmy ló gbà á là. Mùsùlùmí ni, ọmọ Íjíbítì, tí a bí ní Khartoum ní ọdún 1901. Àwọn Násì ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù nítorí ẹ̀yà rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó fẹ́ ọmọ Jámánì tó jẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ní ọdún 1939 wọ́n tì í mọ́lé. Nígbà tó jáde, ta ni ì bá bá a wí bó bá jókòó jẹ́ẹ́? Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ìdílé Anna ni. Àwọn àgbà sì ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ìpọ́njú kó yẹrí.

Ó fi Anna pamọ́ sínú ahéré kan tó ní ní Buch, ní ìpẹ̀kun ìlú. Bí àwọn ọlọ́pàá bá ń ṣọ́ ọ, a gbé e lọ síbòmíràn, a ní ìbátan òun ni. Ìyá àgbà Anna wà lọ́dọ̀ obìnrin Jámánì kan, Frieda Szturmann, tó bá a pín oúnjẹ díẹ̀ tí ìjọba ń wọ̀n fún un, fún ohun tó ju ọdún kan lọ.

Ní ọdún 1944 ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ ìyá Anna. Wọ́n fi ìnira wádìí rẹ̀ títí ó fi dárúkọ dókítà. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe dá a lẹ́jọ́. Kíá, Helmy gbé Anna lọ sọ́dọ̀ Frieda. Ó sì fi lẹ́tà kan han àwọn ọlọ́pàá, èyí tí Anna kọ pé òun tan dókítà jẹ, pé kò mọ irú ẹni tí òun jẹ́, àti pé òun ti lọ sọ́dọ̀ ìbátan òun ní ìlú mìíràn. Irọ́ pátápátá ni. Anna yè, ìyá rẹ̀ yè, ọkọ ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà rẹ̀ yè. Ní ọdún 2013, Yad Vashem ní Jerúsálẹ́mù ka Helmy àti Frieda mọ́ àwọn Olódodo Láàárín àwọn Orílẹ̀-èdè.

Ṣé dókítà náà ṣẹ̀? Augustine Mímọ́, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, kọ́ni pé irọ́ kò tọ́ rárá, àní láti gba ẹ̀mí là. Ó sọ ìtàn Firmus, bíṣọ́ọ̀bù Thagaste, tó fi ọkùnrin kan pamọ́. Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ ọba dé, ó ní òun kò ní purọ́, òun kò sì ní fi ẹni náà hàn. Wọ́n dá a lóró, kò yẹsẹ̀, títí ọba fi dárí ji ẹni tó fi pamọ́. Ní ìhà kejì, Ẹ́kísódù orí kìíní sọ fún wa pé àwọn agbẹ̀bí tan Fáráò jẹ láti gba àwọn ọmọ là, Ọlọ́run sì ṣe rere fún wọn. Katikísímù Ìjọ Kátólíìkì ti ọdún 1992 ní irọ́ burú. Ṣùgbọ́n ó tún ní a kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè òtítọ́ tí kò ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu Firmus àti ti Helmy yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ṣe: wọn kò fi ẹni tó sá di wọ́n lé apànìyàn lọ́wọ́. Ẹni tó nàka sí ilé aládùúgbò, tó wá ní "òótọ́ ni mo ṣáà sọ," òun ni kò ní àwíjàre.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Parakou. Bí obìnrin kan bá sá wọ àgbàlá yín lóru nítorí ìlùkulù, tí ọkọ rẹ̀ sì dé pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ẹ lè dáhùn bíi Firmus: "Mo mọ ibi tó wà, n kò ní sọ. Ẹ lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó pe àwọn àgbà." Ṣùgbọ́n ẹ̀yin bàbá, ẹ má fi Helmy bojú. Bí olówó bá wá gba owó rẹ̀, tí ẹ sì rán ọmọ pé kó ní ẹ kò sí nílé, ẹ̀tọ́ olówó ni òtítọ́ yẹn. Irọ́ lẹ fi ń kọ́ ọmọ.

Fún ìjíròrò nínú ilé lálẹ́ òní: Ta ló lè sá wá sílé wa kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀? Ǹjẹ́ àwọn ọmọ wa mọ ohun tí a kì í sọ níta?

Jésù Olúwa, ìwọ tí Màríà àti Jósẹ́fù gbé sá lọ sí Íjíbítì, ṣọ́ ẹnu wa, kí o sì ṣí ilẹ̀kùn wa. Àmín.