Ẹ̀yin Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ta Lẹ Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì nínú, ṣùgbọ́n òótọ́ korò.

Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, àwa olùkọ́ yunifásítì a kún orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n bí eéṣú. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò a máa sọ ẹni tí yóò wọlé. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa afárá a máa ṣàlàyé ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe jìbìtì. Bẹ́ẹ̀, alágbẹ̀dẹ kò jẹ́ gba iṣẹ́ agbẹ́gilére nítorí pé àwọn méjèèjì ń lo irin.

N kò yọ ara mi sílẹ̀. Lẹ́yìn ìbò ààrẹ ọdún 2023, èmi onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé òṣèlú lórí tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí kan gbáko. Nígbà tí mo délé, ìyá mi ní: "Àkànní, mo rí ọ, aṣọ rẹ dára. Ṣùgbọ́n ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Ó tún bi mí bóyá ìbò òun wúlò, nítorí pé tàdáwà ìka òun kan àmì ẹgbẹ́ méjì. Ojú tì mí. N kò sọ gbólóhùn kan nípa ìyẹn.

Nínú ìbò náà, ìbò tí wọ́n fagi lé ju 939,000 lọ. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó jáde kò tó mílíọ̀nù 26. Èwo nínú wa ló fi èdè ìyá rẹ̀ ṣàlàyé bí a ṣe ń tẹ̀ka àti bí a ṣe ń ká ìwé ìbò?

N kò ní kí ọ̀mọ̀wé dákẹ́ o. Attahiru Jega, tó darí ìbò 2011 àti 2015, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òṣèlú ni. Orí ìmọ̀ rẹ̀ ló dúró lé. Ṣùgbọ́n ní 2021, ilé-ẹjọ́ kan ní Akwa Ibom rán ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ilẹ̀ kan lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta nítorí pé ó yí èsì ìbò 2019 padà. Oyè nìkan kò sọ ènìyàn di olóòótọ́.

Àwọn kan ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó tó. Irọ́ ni! Olùdìbò, olùdíje, àpótí ìbò, èsì ìbò: ojoojúmọ́ ni àwọn oníròyìn ń pè wọ́n. Ẹni tí kò lè fi èdè ìyá rẹ̀ ṣàlàyé ìmọ̀ rẹ̀, bóyá ìmọ̀ náà kò tíì yé òun alára.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù sọ ohun tó mọ̀, kí ó jẹ́wọ́ òṣèlú tó ń bá jẹun, kí ó sì sọ ọ́ ní èdè tí ìyá rẹ̀ yóò gbọ́. Bí wọ́n bá tún pè mí, bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe. Èyí tó bá ju agbára mi lọ, n ó ní n kò mọ̀ ọ́n.