Àbọ̀ Èsì Kò Tó fún Alárùn Jẹjẹrẹ Ọyàn

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, ṣùgbọ́n àbọ̀ èsì kò tó fún aláìsàn. Bí obìnrin kan ní Angwan Rogo, àdúgbò tí ó wà nítòsí Yunifásítì Jos, bá gba ìwé èsì tí ó sọ pé jẹjẹrẹ ọyàn ni, ìbéèrè tí ó kù ni pé: irú èwo?

Nínú ara ènìyàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ń gbógun ti àrùn. Àwọn kan ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn kiri. Àwọn mìíràn fi inú ẹran ara ṣe ibùgbé, bí ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò kan ṣoṣo, wọ́n sì ń rántí ọ̀tá tí wọ́n ti bá jà rí.

Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ Peter MacCallum, ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Australia, kéde pé àwọn obìnrin tí àmì sẹ́ẹ̀lì olùgbé yìí pọ̀ nínú kókó ọyàn wọn sábà máa ń pẹ́ láyé ju àwọn tí tiwọn kéré lọ. Jẹjẹrẹ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni èyí tí kò ní ìkankan nínú àmì mẹ́ta tí dókítà fi ń yan oògùn: ẹ́sítrójìn, projẹ́stírọ́ọ̀nù àti HER2.

Irú jẹjẹrẹ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2009 lórí àwọn obìnrin 507 ní Nàìjíríà àti Senegal, ó lé ní ìdajì tí kókó wọn kò ní àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ọdún 2021, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lílo oògùn pembrolizumab, tí ń tú ìjánu àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun ara, fún irú jẹjẹrẹ yìí kí ó tó tàn káàkiri. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ pé òun ni oògùn náà wà fún, bí a kò bá yẹ àmì mẹ́ta náà wò?

Òfin ọdún 2022 ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Ó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ àti ti Plateau rí i dájú pé ètò náà san owó àyẹ̀wò yìí tán pátápátá. Láìsí i, ìròyìn lásán ni àwárí Melbourne yóò jẹ́ fún obìnrin Angwan Rogo.