Ta ló ń yẹ ṣájà wò kó tó dé Èrìò-Èkìtì?

Bí èèyàn bá fẹ́ ra ṣájà fóònù ní Èrìò-Èkìtì, níjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, àyẹ̀wò kan ṣoṣo ló wà fún un. Ẹni tó ń tà á yóò kì í bọ ojú iná, yóò so fóònù mọ́ ọn, bó bá ti ń gba iná, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bí Nẹ́pà, bí wọ́n ṣì ṣe ń pe iléeṣẹ́ mànàmáná, kò bá múná wá lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ kékeré ni wọ́n máa tàn.

Ohun tí àyẹ̀wò yìí fi hàn ò ju pé ṣájà náà ń ṣiṣẹ́ lọ. Iná tó ń wọlé wa jẹ́ bíi 230 fóltì, bẹ́ẹ̀ 5 péré tó fóònù kéékèèké. Inú ṣájà ni wọ́n ti ń sọ ńlá di kékeré, ohun ìdènà tó wà láàárín méjèèjì ni kò sì jẹ́ kí iná gbé ẹni tó di fóònù mú. Ibẹ̀ gan-an làwọn tó ń ṣe ayédèrú ti ń ṣọ́wó ná. Wọ́n á dín ohun ìdènà náà kù, fóònù yóò sì máa gba iná bíi pé kò sí nǹkan kan. Àyẹ̀wò gidi ni kí wọ́n fi nǹkan bíi 3,000 fóltì dán an wò, bóyá iná yóò là á kọjá. Ta ló ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà Àrámọkọ?

Lọ́dún 2016, iléeṣẹ́ UL dán 400 ayédèrú ṣájà Apple wò, mẹ́ta péré ló yege.

Àjọ SON, tó ń mójú tó ojúlówó ọjà nílẹ̀ wa, ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé-ẹ̀rí SONCAP láti 2005, pé kí wọ́n yẹ ọjà wò lókè òkun kí wọ́n tó kó o wá. Ètò tó dáa ni. Àmọ́ ìwé-ẹ̀rí kò lè jẹ́rìí sí ọjà tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Oníṣòwò kékeré tó lọ ra pálí kan l'Ákùúrẹ́ tàbí l'Ádó kì í rí ìwé kankan bèèrè, rìsíìtì gan-an lè má sí. Bí ṣájà bá yọ́ mọ́ ògiri oníbàárà, òun ni wọ́n máa wá bá jà, ẹni tó kó o wọ̀lú ti lọ. Èyí tó sì fẹ́ ta ojúlówó nínú wọn, ọjà rẹ̀ á máa wò ó lójú torí owó rẹ̀ ga ju ti ẹnìkejì lọ.

Òfin SON ti 2015 fún àjọ náà lágbára láti gbẹ́sẹ̀ lé ọjà gbàrọgùdù, ó sì ní ilé àyẹ̀wò l'Ọ́gbà, l'Ékòó. Kí wọ́n rán èèyàn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ lọ́jọ́ ọjà sí Èrìò, Ẹ̀fọ̀n àti Ìjerò, kó ra ṣájà mẹ́wàá mẹ́wàá bíi oníbàárà, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n sì kéde orúkọ àwọn tí kò yege lórí rédíò. Owó ọkọ̀ àti ti ṣájà ọgbọ̀n kò lè pọ̀ jù fún àjọ ìjọba àpapọ̀.