Ìtìjú Kì í Wo Àtọ̀sí

Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ kì í ṣe ohun tí Yorùbá ń sọ ní gbangba bí ẹní ń polówó ẹ̀kọ. Àgbà tí ọ̀rọ̀ bá gbé dé ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwùjọ, yóò wá fi ọ̀rọ̀ tí ó mọ́ bo ohun tí ó fẹ́ sọ. Ojú ara ni yóò pè é. Yóò ní tọkọtaya sùn pọ̀, tàbí pé wọ́n bá ara wọn lò pọ̀. Àṣà tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n kí ó yé tọmọdé tàgbà pé ọ̀nà láti sọ ọ̀rọ̀ ni àṣà náà jẹ́; kò fìgbà kan jẹ́ òfin pé kí wọ́n má ṣe sọ ọ́. Àwọn baba ńlá tí wọ́n fún àtọ̀sí lórúkọ, tí wọ́n sì wá egbòogi rẹ̀ kiri, kò díbọ́n pé kò sí.

Lóde òní, ìtìjú ti di ìdákẹ́. Òbí dákẹ́, olùkọ́ fo ojú ìwé náà dá, ọmọ sì gba inú fóònù lọ kọ́ ohun tí ilé kò kọ́ ọ. Lára ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń rí kọ́ níbẹ̀ ni ìbálòpọ̀ àfẹnuṣe, èyí ni pé kí ẹnìkan fi ẹnu kan ojú ara ẹnì kejì. Èrò ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é ni pé kò lè fa oyún, kò sì ba ìbálé jẹ́, nítorí náà kò léwu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àṣà gan-an nìyí. Láyé àtijọ́, aṣọ funfun ni wọ́n ń tẹ́ fún ìyàwó ní alẹ́ àkọ́kọ́. Bí ọkọ bá bá a nílé, owó àti ẹ̀bùn ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Bí kò bá bá a nílé, ní ibòmíràn, agbè ẹmu tí kò kún ni wọ́n ń gbé lọ, ìtìjú ńlá sì ni fún ẹbí. Ọmọbìnrin òde òní lè máa bẹ̀rù agbè àìkún yẹn, kí ó sì rò pé bí ó bá jẹ́ ẹnu nìkan ni òun lò, òun ti pa iyì ilé mọ́. (Ìdí tí wọn kì í fi í béèrè agbè lọ́wọ́ ọkùnrin, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Àrùn kò bìkítà fún ìbálé.

Kòkòrò tí ń fa àtọ̀sí lè fi ọ̀fun ṣe ilé gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fi ojú ara ṣe. Àtọ̀sí ojú ara ọkùnrin sábà máa ń pariwo: ìtọ̀ á máa ta á, ọyún á máa jáde. Ti ọ̀fun kì í sábà wí nǹkan kan. Bí ọ̀fun bá tilẹ̀ dun ẹni náà díẹ̀, yóò ní òtútù ni, yóò lá oyin, yóò sì máa kó o ran ẹlòmíràn láìmọ̀. Ó tún ṣòro láti wò ju ti ojú ara lọ, nítorí pé oògùn kì í ràn án ní ọ̀fun tó bí ó ti yẹ. Penisílíìnì tí ó ń ṣẹ́gun àtọ̀sí ní nǹkan bí ọdún 1945 kò ká a mọ́ lónìí. Tẹtirasáíkílìnì náà ti di ohun tí kòkòrò yìí fi ń ṣeré. Síbẹ̀, kápúsù aláwọ̀ méjì ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ojú ń tì máa ń yọ́ lọ rà lọ́wọ́ oníkẹ́mísì lálẹ́, á lo méjì, á tọ́jú ìyókù. Irú ìlò ààbọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ́ kòkòrò ní ìjà. Ẹlòmíràn gba ọ̀dọ̀ ìyá alágbo lọ. Kò sí ẹni tí ó yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò níbẹ̀.

Sífílíìsì náà ń gba ẹnu ranni. Egbò rẹ̀ kì í sábà dunni, ó sì máa ń san fúnra rẹ̀, ni aláìsàn á bá rò pé ó ti tán, àṣé inú ara ni ó wọ̀ lọ. Aboyún tí ó bá ní in lè kó o ran ọmọ inú rẹ̀. Ti kòkòrò tí wọ́n ń pè ní HPV tún yàtọ̀. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lé e jáde, ṣùgbọ́n níbi tí ó bá jókòó sí, ó lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, yálà ní ẹnu ilé-ọmọ obìnrin tàbí ní ọ̀fun tọkùnrin tobìnrin. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àhesọ pé abẹ́rẹ́ náà ń sọ ọmọ di àgàn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bu irọ́ mọ́ òtítọ́ kí ẹ̀rù lè ba ọmọ. Kòkòrò éèdì kì í sábà gba ọ̀nà ẹnu ranni. Ewu rẹ̀ níbẹ̀ kéré gan-an sí ti ìbálòpọ̀ ojú ara láìlo kọ́ńdọ̀mù. Olùkọ́ tí ó bá ní ọ̀kan náà ni méjèèjì, ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá kà á nínú ìwé ni wọn kò ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Pé ọ̀rọ̀ yìí ṣe é sọ láìṣe àrífín, ọmọ Yorùbá kan ti fi hàn. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ìdílé rẹ̀ ìbá ti kọ ọ́ pé lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́ ni, bí wọ́n ti máa ń kọ ọ́ sínú ìkéde òkú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn pé éèdì ni, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tí ì gbà pé àrùn náà wà. Kò bú àbúrò rẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ rírùn kankan. Orúkọ àrùn ni ó dá.

Ohun tí ilé-ìwòsàn ń fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà tí wọn kò bá sọ fún pé ẹnu wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìtọ̀ ni yóò ní kí wọ́n lọ yẹ̀ wò, àyẹ̀wò ìtọ̀ kò sì lè rí àtọ̀sí ọ̀fun. Òwú ni wọ́n ń fi nu ọ̀fun kí wọ́n tó rí i. Gbólóhùn kan ti tó: “Ẹ forí jì mí, dókítà, ẹnu mi kan ojú ara ẹni náà.” Ìyá lè kọ́ ọmọ rẹ̀ ní èyí, kí ó fi kún un pé kọ́ńdọ̀mù wúlò níbẹ̀ pẹ̀lú, àti pé ẹni tí egbò wà ní ẹnu tàbí ojú ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹnì kejì. Bí ó bá sì di ti ìtọ́jú, kí àwọn méjèèjì jọ lọ, nítorí bí wọ́n bá wo ẹnìkan ṣoṣo, ẹnì kejì yóò tún kó o ràn án padà.