Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ gba owó afẹ́fẹ́ tí ẹ fà jáde

Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó lọ́dún 1975, àti Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní Kàdúná lọ́dún kan náà, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn wọn. Iṣẹ́ kan wà lára irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì wa máa ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ ṣe é rárá.

Bí ẹ bá ti pààrọ̀ másítà sílíńdà, họ́ọ̀sì tàbí wíìlì sílíńdà, afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù nìyẹn. Òróró bíréèkì kò ṣeé fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ṣeé fún. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ fi ń rì wọlé. Àwọn kan á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bó bá ti le díẹ̀, wọ́n á fún oníbàárà ní kọ́kọ́rọ́.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Taya ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, òun ló jìnnà jù sí másítà tó wà níwájú lápá òsì. Lẹ́yìn náà, taya ẹ̀yìn òsì, kí ẹ tó bọ́ síwájú. Ọmọṣẹ́ á tẹ bíréèkì, á dì í mú. Ẹ̀yin á tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́yìn taya, òróró á gba rọ́bà wọ ìgò, ẹ ó sì dè é pa kí ọmọṣẹ́ tó gbé ẹsẹ̀. Bó bá kánjú gbé e, afẹ́fẹ́ tún ti wọlé. Ẹ máa wo agolo òróró lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú; bó bá gbẹ pẹ́nrẹ́n, ẹ ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Òróró tó jáde kò gbọ́dọ̀ padà sínú mọ́tò, torí ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun kì í hó títí yóò fi tó 230°C, ṣùgbọ́n bó bá ti mu omi, ó lè hó ní 155°C. (Ẹni tó ń da omi ọṣẹ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ti kọjá ti ìwé ìròyìn.)

Gbogbo èyí ń gba àkókò, ó ń gba ìgò òróró tuntun, ó ń gba ọmọṣẹ́ kan kúrò nídìí iṣẹ́ mìíràn. Kí ló dé tí kò fi sí lórí rìsíìtì? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ dárúkọ iye rẹ̀ kí ẹ tó tú taya. Bí oníbàárà bá ń ná an, ẹ fi òróró dúdú inú ìgò hàn án. Bó bá ní òun kò san án, ẹ má ṣe fún un ní kọ́kọ́rọ́ kó máa wà á lọ. Kó wá mọ́tò tí yóò wọ́ ọ dé ilé rẹ̀.