Ọmọ Dàgbà, Oògùn Kò Dàgbà



Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Sabon Zongo, ní Accra, pè mí lóṣù tó kọjá. (Ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà, irú àdúgbò tí ẹ ń pè ní Sábo ni.) Ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Haúsá dáadáa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní wárápá. Láti ọmọ ọdún méjì ni dókítà ti fún un ní oògùn olómi tí wọ́n ń pè ní carbamazepine, wárápá náà sì dáwọ́ dúró. Ọmọ ti pé mẹ́fà báyìí, ó sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Àwọn ará ilé ní ayé ló ń ṣe é.

Mo bi í pé, "Mílílítà mélòó lo ń fún un?"

Ó ní, "Mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́, màmá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún mi nígbà náà."

Ọdún mẹ́rin! Kẹ́mísì ló ti ń rà á, kò padà sí ọsibítù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni dókítà fi ń mọ iye oògùn yìí. Fún ọmọdé, ó sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 10 sí 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú ìgò ní mílígíráàmù 100 nínú mílílítà 5. Ọmọ kílò 12 tó ń mu mílílítà 6 lóòjọ́ ń gba mílígíráàmù 120, ìyẹn 10 fún kílò kan. Tó bá ti di kílò 20, 120 yẹn kò ju 6 lọ fún kílò kan mọ́. Ayé kọ́, òṣùwọ̀n ni.

Ẹ má tìtorí èyí fi kún un nílé o. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń fi kún un, tó sì ń wo ọmọ. Ẹ má sì dá a dúró lójijì, torí ìyẹn lè fa gìrì tí kò ní dáwọ́ dúró.

Ṣíbí ọbẹ̀ tún kọ́. Ṣíbí ilé mi kò dọ́gba pẹ̀lú ti ilé yín. Ẹ béèrè sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́, kí ẹ sì gbọn ìgò dáadáa kí ẹ tó fà á, torí oògùn máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọn ọn, omi lásán ló ń mu lókè, èyí tó le ló sì máa kù sí ìsàlẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni erythromycin tí àwọn kan máa ń rà nígbà tí ọmọ bá ń wúkọ́. Ó máa ń jẹ́ kí carbamazepine pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀: ọmọ á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á máa rí nǹkan ní méjì-méjì, á máa sùn ṣáá. Ẹ sọ oògùn tó ń lò fún ẹni tó ń tà á kí ẹ tó rà á. Bí ara bá sì sú ọmọ, pàápàá láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, tàbí tí egbò bo ẹnu rẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró dòla. Dókítà tún lè ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí ẹ̀dọ̀ àti iyọ̀ ara.

Ẹ̀yin àgbà tó ń gba ààwẹ̀, ẹ ti bá dókítà sọ̀rọ̀ kí Ràmàdánì tó dé. Ẹlòmíràn lè lò ó ní sààrì àti ìṣínu. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ rárá. Ẹ má fo ti ọ̀sán kan láìbéèrè.

Ìyá yẹn ti gbé ọmọ lọ. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fi kún oògùn rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Sírínjì náà wà lórí fìríìjì rẹ̀ báyìí, ó fi báírò pupa fa ìlà sí ibi tí oògùn gbọ́dọ̀ dé.