Boarding Kì í Ṣe Oògùn Ìsoríkọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan àwọn òbí wa, ṣùgbọ́n inú hostel ló ti máa ń jẹ yọ. Èrò mi ni pé kò dáa kí òbí máa fi ọmọ tó ní ìsoríkọ́, tàbí ọmọ tí inú ẹ̀ ń yí padà ṣáá bí ojú ọjọ́, ránṣẹ́ sí boarding torí pé wàhálà ti pọ̀ jù nílé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn tí mò ń wí. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan, irú èyí tó máa ń mú wa tá a bá fìdí rẹmi nínú Ìṣirò. Ìsoríkọ́ máa ń wà lára ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Oúnjẹ ò ní wù ú, oorun ẹ̀ á dàrú, eré tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ á sú u. Ti àwọn mìíràn, inú wọn á bàjẹ́ fún ìgbà kan, tó bá tún yá, ara wọn á yá sódì, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wàràwàrà, oorun ò ní kùn wọ́n rárá. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní bipolar. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní irú àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Ẹ ka iye èèyàn tó wà nínú yàrá yín, kí ẹ fi méje pín in.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ọmọ ọdún 15. Tírélà ni bàbá ẹ̀ ń wà, wọ́n lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú títì. Ìyá wa àgbà tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn, màmá ẹ̀ ló ń tọ́jú wọn, àwọn náà ló tún ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bí bàbá bá ti dé, ọ̀rọ̀ owó á dìjà. Inú ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Kì í fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kì í wẹ̀. Bàbá ní ọ̀lẹ ni. Màmá ní ayé ló ń ṣe é. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní kó lọ sí boarding, pé àwọn sẹ́níọ̀ á tún un ṣe. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ilé ìwé yẹn. Tí agogo bá lù láago márùn-ún ìdájí, tí kò bá lè dìde, wọ́n á ní kó kúnlẹ̀. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi ní kí wọ́n wá mú un, torí kò jẹun mọ́.

Kí ló dé tí wọn ò sọ? Ìtìjú ni. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn: wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Mi ò bá òwe àwọn àgbà jà o, ṣùgbọ́n òwe yìí ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí fi ọmọ wọn pamọ́. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé inú ikùn lẹ̀jẹ̀ wà ká tó tutọ́ funfun. Òwe yìí gan-an ló bá ọmọ tó ní ìsoríkọ́ mu.

Ẹ wo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣe ní Àrò láti ọdún 1954. Kò ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ilé ìwòsàn. Ó ṣètò pé kí ọ̀pọ̀ wọn máa gbé nínú àwọn abúlé tó wà nítòsí, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Aláìsàn ò sì gbọ́dọ̀ dá wá. Ẹbí ẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa dáná fún un, kó máa fọṣọ ẹ̀. Gbogbo ayé gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí, Lambo sì di igbákejì olùdarí àgbà WHO. Tí àgbàlagbà tó wà nítòsí ilé ìwòsàn bá nílò ẹbí ẹ̀, báwo ni ọmọ JSS2 ṣe máa dá a ṣe pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti páálí gààrí?

Mo mọ̀ pé ó ń rẹ òbí. Mi ò sọ pé àwọn ni wọ́n fa àìsàn náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ yẹn ju ti ẹnì kan lọ. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ rí dókítà, oògùn wà níbẹ̀, àdúrà náà ò dúró, ṣùgbọ́n ilé náà yí padà. Àǹtí wa mú ìyá àgbà sọ́dọ̀. Màmá ló ń tọ́jú oògùn, àwọn ló sì ń fún un lò. Bàbá ń pè é lálaalẹ́ látojú ọ̀nà. Wọn ò jà létí àwọn ọmọ mọ́. Ara ẹ̀ ò tíì yá tán, àmọ́ ó ti padà sí ilé ìwé, ilé ló ti ń lọ.

Tó bá wá di dandan kí ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sí boarding, ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mátírọ́nì àti nọ́ọ̀sì. Ẹ má fi oògùn pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí ọmọ. Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, kí ẹ tó bi í pé ipò kelòó ló mú, ẹ bi í pé ṣé ó ń sùn. Níbí ní Kaduna, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ wà ní Barnawa. Kì í ṣe ẹni tó ń já aṣọ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká yé pe ẹnikẹ́ni ní wèrè tàbí ọ̀lẹ. Tí ẹnì kan bá sì sọ fún yín pé ayé ti sú òun, ìyẹn kì í ṣe àṣírí tí à ń pa mọ́. Ẹ sọ fún olùkọ́ tàbí mátírọ́nì lọ́jọ́ náà gan-an, bó tiẹ̀ máa bínú sí yín.